Ẹ jẹ́ kí a yẹ́ Màmá wa sí lójú ayé wọn

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Nítorí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Yábàá ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé sílé ẹ̀kọ́ gíga, sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì di dandan fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ìbáà ṣe ìṣirò ló fẹ́ kà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wá láti Múṣin àti Bàrígà ni ọpọlọ wa pé, ṣùgbọ́n tí a bá ní ká kọ èrò wa sílẹ̀, ó di wàhálà. Màmá ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Wọ́n á kó àròkọ wa lọ sílé, wọ́n á fi bíírò pupa kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tó wọ́, wọ́n á ní kí o lọ tún un kọ. Tí o bá tún un kọ tán, wọ́n á tún jókòó kà á! Ẹni tí kò rówó ra ìwé, tiwọn ni wọ́n ń yá a. Ẹni tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ojúẹlẹ́gbà bá dá dúró, wọ́n á dúró dè é lẹ́yìn kíláàsì.

Láti 1994 ni UNESCO ti ya October 5 sọ́tọ̀ fún àwọn olùkọ́. Mo bẹ àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ẹ fi orúkọ Màmá pe yàrá ìkàwé kan lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ ti ṣetán láti dáwó ra ìwé síbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Màmá,
Yábàá, Èkó.