Má Fi Ọ̀rọ̀ Sí Wọn Lẹ́nu

Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ Àìkú

Àṣàkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Gbogbo ilé ń kí ọ. Bàbá yín ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe, ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì. Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí Tíṣà yín sọ fún mi ní Akẹ̀sán pé ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, pé ìwọ lo jókòó sí Ìbàdàn tí ò ń kọ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sọ, tí o sì ń fi orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀. Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Bó bá jẹ́ irọ́, dákun, sọ fún mi. Bó bá jẹ́ òótọ́, dáwọ́ dúró.

Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò láàárọ̀, tó ń kọ ìtàn àròsọ lálẹ́, kì í ṣe ẹni tí à ń fi “ènìyàn rere ni wọ́n” rántí. Ta ló kú rí tí wọn ò pè ní ènìyàn rere?

O mọ̀ pé Fágúnwà ṣe tíṣà nílùú wa yìí, nílé-ìwé àwọn ọmọdé tó wà lábẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's, láti 1930 títí di 1939. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938. Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ̀ lónìí bóyá ó kà nínú rẹ̀ fún wọn ní kíláàsì kó tó di ìwé, ta ni yóò bi? Ọmọ ọdún méje ìgbà náà ti kọjá àádọ́rùn-ún, ìyẹn bó bá ṣì wà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Àwọn tí Tíṣà yín kọ́ ṣì wà láàyè, ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀, ìwọ wá fẹ́ bá wọn sọ ọ́?

Kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní sẹ́ẹ̀tì-sẹ́ẹ̀tì, kí o bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dàgbà jù, má wo ti ẹni tó sún mọ́ ọ. Aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ ló dára. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, oorun á máa gbé wọn. Wákàtí kan ti tó. Fóònù tí o bá fi gba ohùn, pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, torí bí ìpè bá wọlé, ó lè dá gbígba ohùn dúró kí o má mọ̀. Ká aṣọ sábẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ife sílẹ̀ ni yóò máa dún gbàgà. Pa fáànù. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké, ẹ bọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Kọ́kọ́ sọ orúkọ wọn, ọjọ́, àti ibi tí ẹ wà sínú rẹ̀. Kó tó di pé o sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì.

Ìbéèrè ló máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Bí o bá ní “Ẹ sọ nípa Tíṣà fún wa”, ohun tí wọ́n sọ níbi ìsìnkú rẹ̀ ni wọn á tún sọ. Bi wọ́n pé: ibo lẹ jókòó sí? Kí ló máa ń wà lójú pátákó kí ẹ tó wọlé? Bí ọmọ bá pẹ́ dé, kí ni Tíṣà ń ṣe fún un? Irú ìwé wo ni wọ́n fi ń kọ ìtàn wọn, ta ló ń bá wọn dà á kọ? Ta lẹ dá mọ̀ nínú ìtàn náà? Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí o má gbàgbé. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Láti kékeré lẹnu rẹ kì í ti í dúró, mo mọ ohun tí mo bí. Bí wọ́n bá dákẹ́, jẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Ẹni tó ń rántí nǹkan kì í yára.

Bí méjì nínú wọn bá ta ko ara wọn, kọ ti àwọn méjèèjì. Ọdún nìkan ni kí o yẹ̀ wò. Lọ́ọ̀gì búùkù ọ̀gá ilé-ìwé máa ń ní ọjọ́ tí tíṣà dé àti ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ, rẹ́jísítà sì ní ọjọ́ tí ọmọ wọlé. Kọ lẹ́tà ṣáájú, kí o múra láti ya fọ́tò rẹ̀ lórí ìjókòó, torí wọn kì í jẹ́ kó jáde ní ọ́fíìsì.

Ohùn wákàtí kan á gbà ọ́ tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti tẹ̀. Má tún un ṣe. Bí wọ́n bá sọ ọ́ bí ará Ọ̀yọ́, kó wà bẹ́ẹ̀. Kà á padà fún wọn kí orúkọ wọn tó wọ abẹ́ rẹ̀.

Ìwé ètò ìsìnkú bàbá mi wà nínú àpótí níbí. Àwọn náà jókòó ní kíláàsì nílé-ìwé tí Fágúnwà ti ṣe tíṣà láyé ìgbà náà. “Bàbá rere, aláàánú, olùfẹ́ ọmọ” ló kún inú ẹ̀, kò sí gbólóhùn kan tó ti ẹnu wọn jáde. Má bi mí pé ta ló kọ ọ́.

Ilé ìtẹ̀wé ńkọ́? Ibẹ̀ ni àmì ohùn ti ń ṣègbé. “Á” ní ẹyọ tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, “ẹ́” àti “ọ́” kò ní. Àmì ni wọ́n ń gbé lé wọn lórí. Bí fọ́ǹtì atẹ̀wé, ìyẹn irú lẹ́tà tó fi ń tẹ̀wé, ò bá mọ̀ ọ́n gbé, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Nítorí náà, PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀ ni kí o fún wọn, kí wọ́n sì tẹ ojú-ewé kan fún ọ wò ná. Iye ojú-ewé gbọ́dọ̀ ṣeé fi mẹ́rin pín: 64 ní A5 jẹ́ pépà A4 16. Bó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dì í.

Má da odindi orí kan nínú ìwé Tíṣà kọ sínú rẹ̀ láìgbàṣẹ. Òfin Nàìjíríà fún òǹkọ̀wé ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ti Fágúnwà tó kú ní 1963 pàápàá, ó di òpin 2033. Bá àwọn ọmọ Tíṣà sọ ọ́. Bí wọ́n bá yá ọ ní fọ́tò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni láminéètì rẹ̀, kó fi rọ́bà bò ó, torí kì í ṣeé bó mọ́.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọmọ mi, owó tí wọ́n dá ò sì tó. Mo fi èlùbọ́ àti owó mọ́tò rán awakọ̀ Owódé. Àmọ́ bí o bá kọ ọ̀rọ̀ sí àgbà lẹ́nu, Àṣàkẹ́, n ò ní gba ìwé yẹn wọ ilé mi.

Bàbá tó wà ní Ìlọ́rà ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, ní Sátidé. Mo ti bá ìyàwó ọmọ wọn sọ ọ́. Etí òsì wọn ò gbọ́ràn mọ́, ọwọ́ ọ̀tún ni kí o jókòó sí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ