Kì í ṣe igi ọkọ̀ ojú omi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí ìrìn-àjò sí ìlú York ní ilẹ̀ England, mo sì gbádùn rẹ̀ títí mo fi dé ibi tí òǹkọ̀wé ti ní àlòkù igi ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé onígi tó wà ní Shambles, òpópónà àtijọ́ kan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbé ìwé ìròyìn kalẹ̀. Káfíńtà ni mí nílùú yìí, ilé àtijọ́ ni wọ́n sì sábà máa ń gbé fún mi ṣe.

Ta ni yóò máa wọ́ igi ọkọ̀ wá láti etíkun nígbà tí oak, igi líle tí wọ́n fi ń kọ́lé níbí, wà nínú igbó ẹ̀yìn ìlú? Ihò tó ṣófo lára àwọn òpó yẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Igi kan ti wà nínú ihò náà rí, wọ́n ti yọ ọ́. Tàbí kó jẹ́ pé ara ilé míì ni wọ́n ti tú òpó náà wá.

Igi tútù ni àwọn káfíńtà ìgbà náà ń lò, nítorí oak tó bá ti gbẹ le bí òkúta. Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń to férémù, ìyẹn egungun onígi ilé, pọ̀ wò, wọ́n á fi irin fa àmì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá tú u kí wọ́n tó gbé e dúró. Nọ́ńbà Róòmù ni àmì náà, àmọ́ IIII ni wọ́n sábà máa ń fà fún ẹẹ́rin, kì í ṣe IV. Èèkàn onígi ló de oríkèé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu ihò èèkàn lára igi méjèèjì kó yẹ̀ díẹ̀ síra wọn, kí èèkàn lè fa igi méjèèjì mọ́ra bí wọ́n bá ti gbá a wọlé. Bí igi ṣe ń gbẹ ló ń súnkì, tó ń wọ́. Ìdí nìyẹn tí ilé fi dúró bí ẹni tó mu ẹmu yó.

Igi dúdú òun ògiri funfun inú àwòrán yín ńkọ́? Ayé Ọbabìnrin Victoria ni àṣà yẹn gbilẹ̀. Ẹ dé Lavenham, ìlú kékeré àtijọ́ kan ní Suffolk ní ilẹ̀ England, ẹ ó rí igi aláwọ̀ eérú tí ẹnikẹ́ni ò kùn lọ́dà.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ yin ilé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ọ̀pá tí wọ́n hun bí apẹ̀rẹ̀ ló wà láàárín àwọn òpó, amọ̀, koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi bò ó. Ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń fa omi, á sì tú u dà sínú afẹ́fẹ́. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi náà jáde, igi inú ògiri á sì máa jẹrà. (Ilé alámọ̀ bàbá mi àgbà l'Ọ́yọ̀ọ́ jìyà ẹ̀ náà: sìmẹ́ńtì ń ṣí bọ́ lábala-lábala, amọ̀ ń bá a lọ.)

Lọ́dún tó kọjá, mo gbá ìdí òpó kan wò nínú ilé tí mi ò ní dárúkọ, kò dún. Mo ti súkúrúdíráfà bọ̀ ọ́, ó wọlé dé ọwọ́. Igi náà rin gbìndìn bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Òkè òpó kan náà le koko. A gé ìdí rẹ̀ tó jẹrà kúrò, a so oak tuntun mọ́ ọn.

Onílé wá bi mí bóyá a lè fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ padà, kó lè tètè gbẹ.

Èmi ni,
Káfíńtà, York