Mo rí orógbó ní São Joaquim

Salvador, Bàhíà,
Bràsíìlì.

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti Màmá wà? Bá mi kí wọn gan-an, torí àwọn ni mo ń rántí láti àná.

Yàrá ẹlẹ́ni mẹ́jọ ni mo sùn sí ní Santo Antônio, ibi tí agbára mi ká nìyẹn. Pelourinho kò jìnnà sí wa, àwọn ilé tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí gbogbo àlejò ń ya fọ́tò wọn. Ibẹ̀ rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà ní gbangba ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn, ìgbà tí mo sì ti mọ̀ ọ́n, ọkàn mi ò gbà mí láti pẹ́ níbẹ̀ mọ́. Àwọn Ìmàle tó dìde sí àwọn olówó wọn nílùú yìí ní 1835, Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwa náà nìyẹn.

Lánàá ni mo wọ lífítì Lacerda, èyí tí wọ́n ṣí ní 1873, ó gbé mi láti ìlú òkè dé ìlú ìsàlẹ̀, mo wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọjà São Joaquim. Obìnrin tó ni ilé tí mo dé sí ti kìlọ̀ fún mi: àárọ̀ ni kí n lọ, kí n má fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ lémi nìkan, kí n fi fóònù pamọ́, kí ṣéńjì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ṣadé, ọjà lo ń wò yẹn! Ojú ọ̀nà tóóró, ilẹ̀ tútù, òórùn edé gbígbẹ, ewé tábà, epo pupa nínú ìgò, ìkòkò amọ̀ tí wọ́n tò gègèrè, ewúrẹ́ ń ké, adìẹ ń ké. Ẹnì kan tó ń ti ọmọlanke bọ̀ pariwo mọ́ mi. N ò gbọ́ èdè rẹ̀, síbẹ̀ mo mọ̀ pé kí n yà lọ́nà ló ń wí. Ó dà bí ìgbà tí a máa ń tẹ̀lé Màmá lọ Ọjà'ba. Ọjà wọn àtijọ́, Água de Meninos, ló jóná ní 1964, ni wọ́n fi kó wá síbí. Àwọn kan ní ibẹ̀ dọ̀tí, ẹrẹ̀ sì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ará ìlú ti ń ra ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà.

Níwájú ìyá àgbà kan ni mo ti rí orógbó. Ẹnu mi ló ṣáájú mi: "Orógbó!" Ó wò mí. "Orobô," ló wí. Mo nàka sí èkejì: "Obì." Ó ní, "Obi." Ó wá gbé ọṣẹ dúdú sókè, ó ní "sabão da costa", ó sì nàka sí àyà mi: "Da Costa?" Costa ni wọ́n ń pe etíkun tiwa lọ́hùn-ún. Ṣé ibẹ̀ ni mo ti wá? Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, kò sì tètè fi sílẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, Ṣadé, n kò fi pamọ́.

Mo jẹ àkàrà kí n tó padà. Acarajé ni wọ́n ń pè é, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á ki ọbẹ̀ ilá àti edé bọ̀ ọ́. Tí o bá wá, tí wọ́n sì bi ọ́ bóyá o fẹ́ ẹ ní gbígbóná, ata ni wọ́n ń bi ọ́. Gbà á.

Orógbó méjì ni mo rà. Ọ̀kan jẹ́ ti Màmá. Ní Sátidé, mo fẹ́ lọ sí àdúgbò Liberdade, níbi tí wọ́n ti dá Ilê Aiyê, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń lùlù tó ń jó nígbà Kànífà, sílẹ̀ ní 1974. Bí o ṣe pè é lọ́kàn rẹ yẹn náà ni: ilé ayé. Kọ̀wé sí mi kí n tó kúrò níbí.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ́lá