Ẹ bi ọmọ iṣẹ́ yín léèrè, ẹ yéé bi fóònù

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní emotional intelligence, ìyẹn kéèyàn mọ ohun tó ń lọ nínú òun fúnra ẹ̀, kó mọ tẹlòmíì, kó sì mọ bó ṣe máa ṣe é tí ọ̀rọ̀ ò fi ní dà rú. Ó dáa, mo gbádùn ẹ̀, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ní ká lọ dáhùn ìbéèrè lórí fóònù ká lè mọ iye máàkì wa, ibẹ̀ ni mi ò ti bá yín lọ mọ́.

Irú ìbéèrè yẹn ti dé gúrúùpù WhatsApp àwa télọ̀ rí. "Ṣé o máa ń fara balẹ̀ gbọ́ ohun tẹ́lòmíì ń sọ?" Ta ló máa dáhùn pé rárá? Gbogbo wa la páàsì. Ọ̀gá kan wà láàárín wa tọ́mọ iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, tó bá ti ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń dúró de mọ́tò níwájú ibẹ̀ á rọra kọjá sódìkejì títì. Òun ló gba máàkì tó ga jù, ó tún gbé e sí status.

Kì í ṣe pé ó purọ́ o. Èrò téèyàn ní nípa ara ẹ̀ ni ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n. Télọ̀ kankan ò sì lè wọn ẹ̀yìn ara ẹ̀, ẹlòmíì ló máa bá a na tépù. Àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Peter Salovey àti John Mayer kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1990, kó tó di pé Daniel Goleman kọ ìwé tiẹ̀ ní 1995 tí ariwo ẹ̀ wá gba ayé kan. Nígbà tí Salovey àti Mayer pẹ̀lú David Caruso máa ṣe ìdánwò tiwọn, wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé ṣé o mọ inú èèyàn, fọ́tò ojú èèyàn ni wọ́n gbé kalẹ̀ pé kí lo rí níbí, ṣé ìbínú ni àbí ẹ̀rù, wọ́n tún sọ ìtàn kékeré pé báyìí báyìí ló ṣẹlẹ̀ sí lágbájá, kí lẹ rò pó wà lọ́kàn ẹ̀, kí ló lè ṣe tára ẹ̀ á fi balẹ̀. Ìdánwò téèyàn lè fèlì nìyẹn. Ní 2014, David Dunning àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n rí i pé àwọn tó gba máàkì tó kéré jù nínú irú ìdánwò yẹn ni èrò wọn nípa ara wọn jìnnà sí òótọ́ jù, wọ́n rò pé àwọn mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ, nígbà tí wọ́n wá fi èsì hàn wọ́n, àwọn yẹn náà ló ń ní ìdánwò ọ̀hún ò dáa. Ẹ ò rí nǹkan!

Àwa ò tiẹ̀ nílò fọ́tò. Ẹ ṣáà máa wo bí wọ́n ṣe ń mú ìròyìn burúkú wá bá yín. Ká ní áyọ́ọ̀nù jó lẹ́ẹ̀sì kọ́sítọ́mà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. Lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, ojú ẹsẹ̀ lọmọ yẹn máa dé, "Mà, ẹ wá wo lẹ́ẹ̀sì mama àná, ó ti jó níbi apá." Lọ́dọ̀ ọ̀gá kejì, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kì í ṣe ẹjọ́ mi o mà", kó tó débi ọ̀rọ̀, jìnnìjìnnì ti bo ọ̀gá náà fúnra ẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò ní sọ rárá, á ká aṣọ yẹn sábẹ́ àwọn tó kù, àárọ̀ Sátidé tí mama fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ òde ni gbogbo ayé máa tó mọ̀. Iye ẹ̀bẹ̀ tó bá ṣáájú ọ̀rọ̀, máàkì yín nìyẹn. Ẹ̀yin bàbá tó jẹ́ pé ẹnu ìyá wọn làwọn ọmọ ń gbà bá yín sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ti gbọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè, ẹ má béèrè pé "ṣé mo burú?" Ọmọ Yorùbá wo ló máa kojú ọ̀gá ẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ burú? "Háà, rárá mà, ẹ ń gbìyànjú" lẹ máa gbọ́. Ẹ mú ọjọ́ kan pàtó: "Nígbà tí kọ́sítọ́mà yẹn dá aṣọ padà lánàá, kí lo rí tí mo ṣe?" Àbí kẹ́ ẹ bi ẹni tó ti ṣe fríìdọ̀mù, tí kò sí lábẹ́ yín mọ́. Tó bá wá ń sọ ọ́, ẹ dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti lè ní "ìwọ ò mọ ohun tójú mi rí lọ́jọ́ yẹn", ó tán, kò ní sọ ìyókù.

Ṣó ṣeé tún ṣe? Ó ṣeé tún ṣe, àmọ́ kì í ṣe ní sẹminá ọjọ́ kan tí wọ́n ti ń pín sátífíkéètì. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe yín gan-an. Kọ́sítọ́mà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kígbe pé ẹ ti ba aṣọ òun jẹ́, ẹ wá yíjú sọ́mọ iṣẹ́ ẹ fọ́ ọ létí, ìbínú kọ́ nìyẹn, ojú ló ń tì yín. Ní 2007, Matthew Lieberman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn èèyàn tí wọ́n ń fi fọ́tò ojú tó le hàn, táwọn yẹn bá ti mú orúkọ tó bá ohun tó wà lójú yẹn mu, ìbínú ni, ẹ̀rù ni, ibi tó máa ń ta gìrì nínú ọpọlọ á rọlẹ̀.

Ibi tí mo ti máa bá àwọn àgbà jà díẹ̀ rèé. Sùúrù ni baba ìwà, a ti gbọ́, àmọ́ ohun tọ́pọ̀ wa ń pè ní sùúrù, ká gbé ìbínú mì ni. James Gross ní Yunifásítì Stanford ti yẹ ìyẹn wò fún ọdún pípẹ́, ojú lè má fi hàn o, ara ṣì ń ṣe wàhálà nínú, kódà èèyàn kì í rántí dáadáa ohun tí wọ́n ń bá a sọ lásìkò tó ń dì í mọ́ra. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kéèyàn tètè yí ojú tó fi ń wo ọ̀rọ̀ padà kó tó hó. Bí àpẹẹrẹ, ẹ lè sọ fúnra yín pé mama tó ń pariwo nítorí apá aṣọ yẹn, bóyá òkú ìyá ẹ̀ ló fẹ́ lọ sin lọ́la, kò tíì sùn. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín sọ́mọ tó ń fiṣẹ́ ṣeré o, ìyẹn gbọ́dọ̀ gbọ́ tiẹ̀.

Ohun tí mo wá fẹ́ bẹ̀ yín, Olóòtú, ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fáwọn ọmọ iṣẹ́, télọ̀ ni o, mẹkáníìkì ni o, onídìrí ni o, kí wọ́n kọ̀wé nípa ọ̀gá wọn, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi á ra ti ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn tèmi náà á kọ, kẹ́ ẹ má ṣáà jẹ́ kí n mọ lẹ́tà wọn.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn