Màjàlà ni kí ẹ ṣọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní Òkè-Ògùn, "ẹ má sun igbó" ni gbogbo ẹnu ń wí. Kò burú, ṣùgbọ́n ọdẹ kò ní yéé sun ìgbẹ́, àgbẹ̀ kò sì ní yéé sun oko. Ilé gan-an ni ká kọjú sí.

Ọ̀pọ̀ ilé tí iná ìgbẹ́ ń jó, ọwọ́ iná kì í dé ibẹ̀. Màjàlà tí iná kò tíì kú lára rẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbé wọ abẹ́ páànù. Igi àjà ti gbẹ, ìtẹ́ ẹyẹ àti ti eku wà níbẹ̀, iná á rọra máa jẹ ẹ́, ó di ìgbà tí gbogbo ilé bá ti sùn kó tó là. Ẹ fi símẹ́ńtì dí àlàfo àárín ògiri àti páànù. Ibi tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gbà, nẹ́ẹ̀tì onírin tí ihò rẹ̀ kò ju mílímítà 3 lọ ni kí ẹ kàn síbẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn onírọ́bà á yọ́ dànù ni.

Láti ara ògiri dé mítà kan àbọ̀, ohun tó lè jó kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Igi ìdáná tí wọ́n tò sábẹ́ fèrèsé kí òjò má baà pa á ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ gbé e jìnnà tó mítà 10, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gé koríko ẹ̀kan tó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ńṣe ló ń sá igi fún iná. Ẹ gbá a kúrò lọ́jọ́ tí ẹ gé e. Ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ni kí ẹ ro jù, tó mítà 30, nítorí ibẹ̀ ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀. Bí igbó bá wà nísàlẹ̀ òkè tí ilé wà lókè, ẹ fi kún un. Iná a máa sáré gun òkè. Ilẹ̀ náà lè bọ́ sí ti aládùúgbò: ẹ jọ ro ó. Ẹ gé imọ̀ gbígbẹ tó so rọ̀ lára ọ̀pẹ, àkàbà iná ni.

Ẹni tó bá máa sun ìgbẹ́ ẹ̀yìn ilé, kó má fi í di àárín ọyẹ́. Kó kọ́kọ́ ro ilẹ̀ yí i ká títí erùpẹ̀ yóò fi hàn, kó pọn omi dúróòmù méjì sílẹ̀, kó dúró di ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀. Ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ ni kó ti dáná, kí iná lè máa rìn lòdì sí i díẹ̀díẹ̀. Àṣìṣe ibí yìí ló pọ̀ jù: wọ́n á dá a níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, iná á sì sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Kùkùté lè máa jó nínú fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fi ọkọ́ tú ìdí rẹ̀, ẹ da omi sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó bóyá ooru ṣì ń jáde.

Bí iná bá ti kọjá, ẹ má tíì sùn. Kí ẹnì kan máa fi tọ́ọ̀ṣì yẹ àjà wò ní wákàtí-wákàtí, pẹ̀lú garawa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Àwa òṣìṣẹ́ igbó tó ti fẹ̀yìn tì,
Ṣakí, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.