Ẹ Má Ṣe Já Bébà Ara Òwú Dànù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síta nítorí àwọn tó ń ta òwú súẹ́tà ní àwọn ọjà wa nílùú Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ mi kò ju orí bébà pélébé kan lọ, èyí tí ilé iṣẹ́ fi ń di òwú lámùrè kí wọ́n tó kó o ránṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn òǹtajà wa a máa já a sọnù kí òwú náà lè ṣeé kì sínú àpò, tàbí kí wọ́n lè tú ìdì ńlá sí wẹ́wẹ́ fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó. N kò sọ pé wọ́n fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Mo gbà pé wọn kò mọ ohun tí bébà náà wà fún ni.

Ara bébà yìí ni ilé iṣẹ́ ń kọ ohun tí wọ́n fi ṣe òwú sí, ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù, bí ó ṣe gùn tó, irú abẹ́rẹ́ tó yẹ ẹ́, àti bí a ó ṣe máa fọ̀ ọ́. Nọ́ńbà kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà, tí a fi ń mọ àwọn òwú tí wọ́n jọ pa láró lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà yìí ni ẹjọ́ mi dá lé, kò sì yẹ kí n máa ṣàlàyé rẹ̀ púpọ̀ fún ará Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn aládìrẹ ní Ìtòkú mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n rì bọ ìkòkò aró lónìí àti èyí tí wọ́n máa rì bọ̀ ọ́ lọ́la kì í sábà dúdú bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ló rẹ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ilé iṣẹ́ òwú, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ wọn péye tó.

Láìpẹ́ yìí ni mo ń hun kàdígáànì aláwọ̀ wáìnì fún ọmọ ọmọ mi nítorí ọyẹ́. Òwú tán nígbà tí mo hun apá kejì láti èjìká dé ìgúnpá. Ọmọbìnrin tó tà á fún mi mú òmíràn jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, ó ní, “Màmá, ọ̀kan náà ni o, ẹ tiẹ̀ wò ó dáadáa.” Lábẹ́ iná ìsọ̀ rẹ̀, ọ̀kan náà ni lóòótọ́. Nínú oòrùn ni àṣírí tú: òkè apá náà jẹ́ àwọ̀ wáìnì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń fà sí àwọ̀ osùn. Ọmọ tí mo hun ún fún wò ó títí, ó ní, “Màmá àgbà, ṣé ẹ lẹ̀ ẹ́ ni?”

Ẹni tó bá tètè fura pé òwú òun kò ní tó lè fi ọgbọ́n bò ó, kí ó máa fi òwú àtijọ́ hun ìlà méjì, kí ó fi tuntun hun ìlà méjì, kí àwọ̀ méjèèjì lè wọnú ara wọn. Tàbí kí ó fi tuntun hun ọrùn àti etí ọwọ́ nìkan. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe fura nígbà tí nọ́ńbà kò sí níbẹ̀?

Ẹni tí kò hun súẹ́tà rí lè máa rò ó pé ariwo yìí pọ̀ jù. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ó yẹ kí a kọ́kọ́ hun ègé ìdánwò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí a ka iye ojú, ìyẹn ìkọ́ òwú kọ̀ọ̀kan, tó wà nínú ìlà rẹ̀ kan, iṣẹ́ tó máa ń súni nítorí pé a ó tún un tú ni. Bí ìlànà tí à ń tẹ̀ lé bá ní ojú 22, tí ọwọ́ ẹni sì dẹ̀ tó fi jẹ́ 20, aṣọ tí a fi ojú 220 bẹ̀rẹ̀ yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 110 dípò 100, ẹlòmíràn ni yóò sì wọ̀ ọ́. Ojú kan ṣoṣo tó bá já bọ́ lórí abẹ́rẹ́ yóò máa tú lọ sísàlẹ̀ láti ìlà dé ìlà, àfi bí a bá tètè fi abẹ́rẹ́ kíróṣéè kọ́ ọ gòkè padà. Ọrùn tún ń bẹ, tó jẹ́ pé bí ó bá le jù, orí kò ní gbà á kọjá. Gbogbo ìyọnu wọ̀nyí ni a fara mọ́, nítorí iṣẹ́ náà dùn. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ọwọ́ tó ti mọ́ ọn lára kò nílò àtùpà kó tó hun ìlà tó tẹ́jú. Èyí tó sì wù mí jù ni pé súẹ́tà tí ọmọ ti dàgbà kọjá kò tíì di àkísà: a lè tú u, kí a fọ òwú rẹ̀ kí ó nà, kí a fi hun òmíràn. Télọ̀ tó ti gé áńkárá kò ní àǹfààní yẹn.

Bébà náà tún ń gbani lọ́wọ́ àṣìfọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní wúùlù lọ́jà kò bá àgùntàn tan. Akírílíìkì ni, tí wọ́n ń ṣe látinú èròjà epo rọ̀bì. (Àgùntàn tiwa níhìn-ín kò ní irun tó ṣeé ran lówùú, òkèèrè ni ojúlówó ti ń wá.) Akírílíìkì kò burú, ó rọrùn láti fọ̀, ó sì tètè gbẹ, ṣùgbọ́n bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá tẹ̀ ẹ́, yóò pẹlẹbẹ, kò sì ní ta padà mọ́. Ojúlówó wúùlù ní tirẹ̀, bí a bá fi omi gbígbóná bó o, yóò sún kì títí tí kò fi ní gba ẹni tó ni ín mọ́. Láìsí bébà, àfi kí a já díẹ̀ níbẹ̀ kí a tiná bọ̀ ọ́: wúùlù a máa rùn bí irun tó jó, akírílíìkì a yọ́, a sì di kókó líle.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní ná òǹtajà ní kọ́bọ̀. Ẹ fi bébà náà sílẹ̀ lára òwú. Bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ tú ìdì ńlá, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ọ̀rá tí ẹ kó o sí. Àwa tí à ń rà náà, kí a yé ra ẹyọ méjì lónìí kí a tún padà wá ra ẹyọ kan nígbà tí owó bá yọ. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká gbogbo rẹ̀, kí ó san àsansílẹ̀, kí òǹtajà bá a pa ìyókù mọ́ di ọjọ́ tí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí, kí òǹtajà sì gba èyí tí a kò bá tíì tú padà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwa díẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo wa ń rọ́ lọ báyìí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìyá ahunṣọ,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.