Lẹ́tà sí Màmá Ìpẹ̀rù, nípa ilé èrò kan ní Pennsylvania

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kí ó rọra kà á o, nítorí ẹ̀bẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo wa ọkọ̀ gba ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní National Road. Nítòsí Farmington, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà níbí, mo rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníbíríkì kan lórí òkè, Mount Washington Tavern lorúkọ rẹ̀. Mo ní kí n kàn yà síbẹ̀ na ẹsẹ̀. Wákàtí méjì ni mo lò.

Ilé èrò ni, Màmá, irú èyí tí Bíbélì ní kò sí àyè nínú rẹ̀ fún Màríà àti Jósẹ́fù. Adájọ́ kan, Nathaniel Ewing, ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1830. Ní 1840, ó bọ́ sọ́wọ́ James Sampey àti ẹbí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ òkè náà ni George Washington, ẹni tó wá di ààrẹ àkọ́kọ́ níbí, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 22, ti bá àwọn Faransé jà ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 1754, tí wọ́n sì borí rẹ̀. Ó padà wá ra ilẹ̀ náà, òun ló sì ni ín títí ó fi kú ní 1799. Ìtàn ogun yẹn ni wọ́n fi ń pe èrò síbẹ̀. Èmi, ilé ìdáná ni mo lọ dúró sí.

Ọ̀nà ló bí ilé náà. Ní 1806, Ààrẹ Jefferson fọwọ́ sí òfin pé kí ìjọba la ọ̀nà kọjá láàárín àwọn òkè. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Cumberland, ní Maryland, ní 1811, ọ̀nà sì dé Wheeling, létí odò Ohio, ní 1818. Ilẹ̀ tuntun ni òdìkejì odò yẹn lójú àwọn òyìnbó tó ń ṣí lọ síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni.

Èrò inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni Sampey ń gbà, ti iléeṣẹ́ Good Intent. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró, wọ́n á pààrọ̀ ẹṣin, èrò á bọ́ sílẹ̀ jẹun, kí wọ́n tó tún gbéra. Ẹ̀yin mọ irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Pálọ̀ wà fún àwọn obìnrin, yàrá ọtí wà fún ọkùnrin. Lókè, àwọn tí kò mọ ara wọn rí á jọ sùn sórí ibùsùn kan náà. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ńlá kó ẹrù ní ilé èrò tiwọn, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sùn yí iná ká. Àwọn tó ń da ẹran náà ní tiwọn. Ọ̀nà kan náà yìí ni wọ́n sì gbà da àwọn ènìyàn dúdú kọjá nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, lọ sí Wheeling, láti lọ tà wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé. Ó dé Cumberland ní 1842, ó sì wọ Wheeling ní 1853. Kò pẹ́ rárá tí ẹbí Sampey fi kógbá wọlé. Àgbẹ̀ kan ra ilé náà, ó di ilé gbígbé, títí ìjọba ìpínlẹ̀ fi rà á ní 1932.

Ibi tí mo ka èyí dé ni mo ti rántí ṣọ́ọ̀bù yín. Àwọn lọ́rì Èkó sí Ìbàdàn tó ń tò síwájú yín láàárọ̀, ìkọ́kọrẹ́ tó ń gbóná nínú ìkòkò, àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń pariwo "Ìyá, tèmi dà?" Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àwọn lọ́rì sì gba ibẹ̀ lọ. Bẹ́ńṣì yín ṣófo.

Àwọn kan nílé ní iyọ̀ ọbẹ̀ yín ló ti pọ̀ jù, pé ìgbéraga yín ló lé oníbàárà lọ. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò kì í ṣe ọmọdé mọ́ lọ́jọ́ ìkómọ àkọ́bí mi, nígbà tí mo tún un sọ lójú yín, níwájú àlejò. Ẹ ò fèsì. Ẹ gbé abọ́ iwájú mi, ẹ bu ẹran sí i, ẹ gbé e padà fún mi.

Kò sí ọbẹ̀ tí ẹbí Sampey lè sè tí yóò dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Kò sì sí ohun tí ẹ̀yin náà ṣe. Ọ̀nà ló yà. Mo ṣẹ̀ yín, Màmá.

Mò ń bọ̀ nílé lóṣù Kejìlá. Bẹ́ńṣì gígùn tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dáná. Ẹ jẹ́ ká jọ jókòó lé e, kí ẹ sọ orúkọ àwọn dẹ́rẹ́bà yẹn fún mi, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, títí kan àwọn tó jẹ ẹ̀bà àwìn tí wọn ò padà wá san án.

Ọmọ yín,
láti Maryland